Ta Ló Wà Lọ́jà Tí Orí Ọmọ Fi Wọ́?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá pọn ọmọ, ó ń nájà, ọrùn ọmọ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àgbà tó wà nítòsí na ọwọ́, ó tún un ṣe. Ohun tí n kì í gbọ́ kí àwọn èèyàn tẹnu mọ́ nínú òwe yìí ni pé ìyá ọmọ kò lè rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ wà. Obìnrin náà kò ya ọ̀lẹ, ó sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, àmọ́ ojú ẹni kì í rí ẹ̀yìn ẹni. Ẹni tó dúró síbi tí ó ti ń rí i ni òwe ń bá wí.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo lọ jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó ń rí sí ètò ìlera ló pe aráàlú pé ká wá sọ èrò wa lórí àbádòfin kan tó dá lórí ìtọ́jú aláboyún àti ọmọ ọwọ́. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè. Aago mẹ́wàá lù, a kò rí ẹnì kan. Mọ́kànlá lù. Iná lọ, àwọn ìyá tó gbé ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìpè fẹ́ ọmọ wọn. Aago kan ọ̀sán ti kọjá dáadáa kí alága tó wọlé. Àga mẹ́sàn-án ni wọ́n tò síwájú, pẹ̀lú orúkọ ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí pátákó kékeré. Mẹ́ta ló rí ẹni jókòó lé e. Mo ka àwọn tó ṣófo lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Mẹ́fà ni.

Obìnrin kan wà láàárín wa, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó wá láti ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní ìgbèríko. Ó ní ìdájí lòun ti wọ mọ́tò. Ojú ewé mẹ́rin ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Nígbà tó kàn án, wọ́n ní ìṣẹ́jú méjì ni tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí àwọn ṣe ń gbẹ̀bí lóru pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì ara fóònù, tí ẹnì kan á di fóònù mú, tí ẹnì kan á máa gba ọmọ. Kò tíì dé ojú ewé kejì tí alága fi wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Màmá, ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀, a máa kà á." Ó dìde. Wọ́n ní ayẹyẹ ọjọ́ ìbí aṣáájú ẹgbẹ́ kan ń dúró de àwọn ọnọ́rébù. Nígbà tí gbogbo wa ń jáde, mo rí ìwé náà lórí tábìlì níbi tí màmá fi í sí. Ẹnì kan ti gbé ìgò omi lé e lórí, omi ń rin ín.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Torí ibẹ̀ gan-an ni ọjà tí òwe ń wí. Bí àbádòfin bá wọ ilé, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á sọ̀rọ̀ díẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó. Lórí ìjókòó gbogbo ilé, "mo fara mọ́ ọn" ló pọ̀ jù níbẹ̀. Inú yàrá kékeré yẹn ni wọ́n ti ń bi àbádòfin léèrè ọ̀rọ̀: ta ni yóò sanwó oògùn? Nọ́ọ̀sì mélòó ló máa wà ní abúlé? Bí ẹnì kan bá rú òfin náà, ta ni yóò mú un? Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ti lè bá aṣòfin sọ̀rọ̀ lójúkojú. Bí orí ọmọ bá wọ́ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe, bó ṣe wọ́ náà ni wọ́n máa gbé e fún gómìnà.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 103, gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti yan ìgbìmọ̀ fún iṣẹ́ yòówù. Abala yẹn kan náà ló sọ pé ilé kò gbọdọ̀ fún ìgbìmọ̀ kankan lágbára láti pinnu bóyá àbá kan yóò di òfin. Ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó kò ní àṣẹ láti pa àbádòfin. Ó dáa. Bí wọ́n bá wá sùn lé e títí ọdún mẹ́rin fi pé, tí ilé tú ká, kí la ó pe ìyẹn? Àbá náà kú nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin tuntun. Gómìnà pàápàá, ọgbọ̀n ọjọ́ ni abala 100 fún un láti buwọ́ lu àbá tàbí kó kọ̀ ọ́, bó bá sì kọ̀ ọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ìwé òfin ka ọjọ́ fún gómìnà. Kò ka ọjọ́ kankan fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó. Ẹ̀rí ọkàn wọn ló fi í lé lọ́wọ́.

Ẹ wo ohun tí ìdádúró ti ṣe fún àwọn ọmọ wa. Ní 1989 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò lórí àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé. Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà á ní 1991. Ó di 2003 kí Àbújá tó sọ ọ́ di Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, torí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ìgbéyàwó dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ tí a bí lọ́dún tí a tẹ́wọ́ gba àdéhùn náà ti pé ọdún méjìlá. Kò sì tíì tán, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọdé kò sí lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti ṣe tirẹ̀. Ògùn àti Ọ̀yọ́ ṣe tiwọn ní 2006, Èkó ní 2007. Kánò, ó di 2023. Òfin 2003 yẹn sọ pé ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Ọmọ tí wọ́n bí ní Kánò lọ́dún tí Àbújá ṣòfin ti di ẹni ogún ọdún kí ààbò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti jáde kúrò nínú àwọn tí òfin náà ń dáàbò bò.

Kí ẹnikẹ́ni má fi Kánò ṣẹlẹ́yà o. Àwa tí a tètè ṣe tiwa, kí la fi í ṣe? Abala 30 òfin 2003 kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti lo ọmọdé fún agbe tàbí fún ìkiri ọjà ní títì ńlá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ń ta omi inú ọ̀rá, igbá lórí, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀. Ó kan gíláàsì ọkọ̀ tó wà níwájú mi. Nọ́ńbà ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Gíláàsì wálẹ̀, ọwọ́ kan jáde, ó ra omi, ó ní kí ọmọ mú ṣéńjì. Àánú ọmọ náà ṣe é, mo mọ̀. Kì í ṣe torí àánú la ṣe dìbò fún un.

Òwe mìíràn ló sọ sí mi lọ́kàn níbẹ̀: ẹni tí a ní kó kíni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́, ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Èyí le ju ti ọjà lọ. Àgbà inú ọjà kàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ẹni eléyìí sún mọ́ni, ó ní òun fẹ́ ranni lọ́wọ́, ó wá dá kún ìrora ẹni.

Àwọn ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló yẹ kó máa yẹ ilé ìwòsàn wò, kí wọ́n mọ ibi tí owó bọ́jẹ́ẹ̀tì wọlé sí. Mo ti bá wọn lọ rí, níbi tí n kò ní dárúkọ. Lẹ́tà ti ṣáájú wa débẹ̀. Ọ̀dà ara ògiri kò tíì gbẹ. Aṣọ ibùsùn tuntun wà lórí gbogbo bẹ́ẹ̀dì, ìlà tí wọ́n fi ká a ní ṣọ́ọ̀bù ṣì hàn lára wọn. Ìrẹsì ti jinná. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹun, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun gbogbo dára. Lọ́sẹ̀ kejì èmi nìkan padà lọ síbẹ̀. Wọ́n ti kó aṣọ ibùsùn lọ. Àbọ̀ ìwádìí yẹn ti wà nílé ìgbìmọ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀, bí ìyá kan bá sì lọ ké sí ìjọba lọ́la, òun ni wọ́n máa fi dá a lóhùn. Ata nìyẹn.

Ètò adójútòfò ìlera ńkọ́? Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà, ó sì ní kí owó kan wà nílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára, tó fi mọ́ aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2015. Ẹ bi ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ bóyá ó mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Ìwádìí ìjọba ní 2018 lórí ìlera fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, 132 ni kì í pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ ro ọjà kan tí ẹgbẹ̀rún ìyá pọn ọmọ wá. Ẹ wá ka 132 nínú wọn.

Àwa aráàlú náà, ẹ má jẹ́ ká fọwọ́ nu ẹnu. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yẹn, èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì aṣòfin kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo rò pé ìpàdé tiwa ló gbé wọn wá. Owó ìsìnkú ni, owó ìsọmọlórúkọ ni, ẹ̀rọ ìránṣọ ni, ọ̀kadà ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yà wo gbọ̀ngàn wa. Ẹni tó gba ọ̀kadà lọ́wọ́ aṣòfin, ẹnu wo ló fẹ́ fi béèrè ibi tí àbádòfin ọmọ ọwọ́ sùn sí?

Ẹ̀yin ọnọ́rébù, ẹ̀yin lẹ gbé pátákó ká ìlú, tí ẹ ní ẹ ó ṣe ìyá, ẹ ó ṣe ọmọ. Ọjọ́ 181 ni ìwé òfin ní kí ilé yín fi jókòó lọ́dún, ó kéré tán. Ìtìjú ni pé ìyá tó bímọ lóṣù tó kọjá jókòó dè yín fún wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, tí ẹni mẹ́fà nínú yín kò sì wá. Àgbà ni ìlú fi yín ṣe, owó àgbà lẹ ń gbà lóṣooṣù. Ẹ padà sí gbọ̀ngàn yẹn. Ẹ gbé ìgò omi yẹn kúrò lórí ìwé màmá, ẹ sá a sóòrùn bí ó bá tutù, kí ẹ sì kà á dé ojú ewé kẹrin.