Ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì tó dúdú kò tíì bàjẹ́

Ẹ ti rí i rí. Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa géèjì ọ́ìlì yọ, ó fi àkísà nù ún, ó tún un kì bọ ihò, ó tún fà á yọ, ó wá nà án síwájú yín: “Ẹ wò ó, ọ̀gá. Ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ́ìlì yìí ti jóná.” Ojú yín náà rí i, kí lẹ tún fẹ́ bá a jiyàn sí? Ẹ mówó sílẹ̀.

Nínú gbogbo èèyàn tí mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi Hilux dísẹ́ẹ̀lì kó iṣu láti Ìsẹ́yìn wá sí Ìbàdàn ló gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ jù. Fún bí ọdún kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀ lónìí, tó bá fi máa dọ̀túnla, ó ti dúdú. Wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn, wọ́n á lọ ra tẹlòmíì. Ìyẹn náà á dúdú. Nígbà tí owó ò ká a mọ́, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n láti inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n ṣáà lè máa rówó pààrọ̀ ẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Ìbẹ̀rù àwọ̀ dúdú ló lé wọn kúrò nídìí ọ́ìlì tó dáa lọ sídìí èyí tí kò lórúkọ.

Nínú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, dúdú ọ́ìlì kì í ṣe àmì pé ó bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, àmì pé ó ń ṣiṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń dáná. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹntiróòlù, epo àti atẹ́gùn ti pò mọ́ra dáadáa kí pílọ́ọ̀gì tó ṣáná sí wọn. Ti dísẹ́ẹ̀lì ò rí bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí Rudolf Diesel ti jẹ́ kí tiẹ̀ ṣiṣẹ́ yanjú ní Augsburg nílẹ̀ Jámánì lọ́dún 1897, atẹ́gùn nìkan ni písítìnì ń fún pọ̀, títí táá fi ṣẹ́ ku nǹkan bí ìdá kan nínú 15 sí 20 àyè tó gbà tẹ́lẹ̀. Á gbóná débi pé bí nọ́sù bá ṣe ń fọ́n epo sí i báyìí, epo á gbiná fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sáyè fún epo láti pò mọ́ atẹ́gùn tán. Níbi tí epo bá ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, kì í jó tán. Á di èéfín dúdú, irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò lórí iná igi. Èyí tó pọ̀ jù ń gba sàlẹ́ńsà jáde. Díẹ̀ ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìnì sọ̀kalẹ̀ sínú ọ́ìlì, lójoojúmọ́ tí ẹ bá ti ṣáná sọ́kọ̀.

Àwọn tó ń po ọ́ìlì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi nǹkan kan sí i tó ń ṣe bí ọṣẹ, tó ń bó ẹ̀gbin kúrò lára irin. Wọ́n tún fi òmíràn sí i tó ń wé mọ́ ẹyọ èéfín kọ̀ọ̀kan, tí kì í jẹ́ kí wọ́n so pọ̀ di ìṣù. Àwọn ẹyọ yìí kéré débi pé bí ẹ bá to bíi 1,000 wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, agbára káká ni wọ́n á fi fẹ̀ tó fọ́nrán irun orí kan. Fílítà ò lè mú wọn. Inú ọ́ìlì ni wọ́n á máa léfòó sí títí dọjọ́ tí ẹ máa tú u dà. Ẹni tó fọ aṣọ oko, tí omi ọṣẹ dúdú kirimú, ṣé á ní ọṣẹ ti bàjẹ́ ni?

Ìdí tó fi ń dúdú kíákíá báyẹn náà ò le. Bó ti wù kẹ́ ẹ tú ọ́ìlì tó, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló ń jáde; ó ń kù sínú àwọn ihò tóóró inú ẹ́ńjìnnì. Aró díẹ̀ ló ń pa omi odidi garawa láwọ̀ dà. Torí ẹ̀, ọ́ìlì tuntun lè ti ṣókùnkùn kẹ́ ẹ tó wakọ̀ kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má pààrọ̀ ẹ̀ o. Ohun tó ń pa ọ́ìlì gan-an lojú ò lè rí. Imí ọjọ́ tó wà nínú dísẹ́ẹ̀lì ń di ásíìdì bó bá jó, ọ́ìlì sì ní nǹkan tó ń pa ásíìdì yẹn. Nǹkan náà ń tán díẹ̀díẹ̀. Agbára tó ń wé èéfín náà ń tán. Bó bá tán, èéfín á ṣù, ọ́ìlì á ki bí ọ̀dà, yóò sì ṣòro fún un láti dé ibi tó jìnnà, pàápàá tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ kìlómítà àti oṣù la fi ń kà á. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó ń rin ọ̀nà eléruku àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tiwa, 5,000 kìlómítà bójú mu.

Géèjì ṣì wúlò gan-an, àmọ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa wá lára ẹ̀. Ọ́ìlì tó funfun bíi tíì oníwàrà: omi ti wọ ọ́. Ọ́ìlì tó ń ga sí i nígbà tẹ́nikẹ́ni ò bu kún un, tó sì ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì: ó ṣeé ṣe kí nọ́sù máa jò, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Ọ́ìlì tó ń lọ sílẹ̀ lóṣooṣù náà lẹ́jọ́ tiẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì wo ara gálọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ tó rà á. Lẹ́bàá ibi tí wọ́n kọ API sí (ẹgbẹ́ àwọn elépo ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń fi lẹ́tà ya irú ọ́ìlì sọ́tọ̀), lẹ́tà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C, bíi CI-4 tàbí CK-4, ni ti dísẹ́ẹ̀lì. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S, bẹntiróòlù ló ni ín. Àwọn kan ní méjèèjì. Èyí tó ní S nìkan kò ní agbára tó láti gbé èéfín dísẹ́ẹ̀lì. Owó tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín, ẹ fi ra fílítà dísẹ́ẹ̀lì tó dáa, torí omi inú epo ń ba nọ́sù jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Ni mo bá ní ká kán ọ́ìlì ọkọ̀ wọn sórí bébà, ká fi dán an wò. A ṣáná sọ́kọ̀ títí ó fi gbóná, a pa á, a fa géèjì yọ, a kán ẹ̀kán kan sáàárín bébà funfun tó ń fa omi, a gbé bébà náà lé ẹnu kọ́ọ̀bù kí abẹ́ ẹ̀ má kan nǹkan kan, a sì fi sílẹ̀ dàárọ̀. Bí agbára ọ́ìlì bá ti tán, èéfín á dúró gbagidi sójú kan láàárín, á dúdú, etí ẹ̀ á mú, òróró tó mọ́ nìkan láá tàn kọjá ẹ̀. Bí agbára bá ṣì wà, dúdú náà á bá òróró rìn, á máa ṣí díẹ̀díẹ̀ lọ sétí. Tiwa tàn rekete dé etí. Ọ́ìlì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n fẹ́ dà nù lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé bébà náà síwájú fèrèsé, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Wọ́n ní, “Owó tí mo ti ń ná látọjọ́ yìí ńkọ́?” Mi ò rí èsì fún wọn.

Wọ́n padà sórí 15W-40 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) tó ní CI-4 lára, wọ́n kọ kìlómítà ọjọ́ náà sára bébà kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ́ìlì náà ti rin 3,800. Ó dúdú bí aró. Ó ku 1,200.