Ojú Ìwé Kẹrin Ń Bọ̀ Lọ́nà

Láti ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ títí di oṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Tánkẹ́ ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé rẹ̀ nígbà mọ́kànlá, bẹ́ẹ̀ ojú ìwé mẹ́ta péré ni ó yà. Iná lọ, ó tọrọ àforíjì. Dátà tán, ó tọrọ àforíjì. Ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ó tọrọ àforíjì; ìdánwò parí, ó ní àárẹ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò lára òun, ó tún tọrọ òmíràn. Àwọn àforíjì wọ̀nyí gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí ó dára jù, nítorí kò sí èyí tí kò ní àwòrán ọmọkùnrin kan tí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí omijé ń dà lójú rẹ̀ bí òjò, tí a sì fi oríṣi àwọ̀ búlúù mẹ́rin kun omijé náà.

Kí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ má baà rò pé ọmọ náà jẹ gbèsè, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àṣà kan ti gbòde láàrin àwọn ọ̀dọ́ Ìlọrin báyìí, pàápàá àwọn tí ìwé kíkà kó jọ sí agbègbè wa: wọn a mú ẹ̀dá inú ìtàn tí ẹlòmíràn ti dá, wọn a hun ìtàn mìíràn fún un, wọn a fi ìka yà á sójú fóònù ní àpótí àpótí, wọn a sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí aráyé máa fi àtàǹpàkò yí i lọ sísàlẹ̀. Kọ́míìkì olólùfẹ́ ìtàn ni ọmọ náà ń pè é. Kò sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ohun olóhun kò ṣeé gbé tà bí ẹni ń ta iṣu oko rẹ̀. "Bọ̀dá, kò sówó níbẹ̀ rárá o," ni ó wí fún mi, pẹ̀lú ìyangàn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń sọ pé owó wà níbi kan. Bàbá rẹ̀, tí ó ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí i láti Àjàṣẹ́-Ìpo, gbà pé àwòrán afárá àti ilé alájà ni ọmọ òun ń yà mọ́jú.

Naruto, ọmọkùnrin inú ìtàn aláwòrán kan, ni ó gbé. Masashi Kishimoto, ará Japan tí ó dá ọmọkùnrin náà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà kan tí ó ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní ọdún 1999, kò sì fi í sílẹ̀ títí di 2014, nígbà tí orí ìtàn náà pé 700. Ọmọ wa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Nínú tirẹ̀, Naruto ṣìnà, ó bọ́ sí Ọjà-Ọba, ebi ń pa á, ó sì ń wá wàrà tí yóò jẹ. Èrò náà dára, èmi kì í ṣe ìlara ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní ojú ìwé kìíní, Naruto ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Ní ojú ìwé kejì, ó ká wọn sẹ́yìn bí ọ̀gá iléèwé. Ní ojú ìwé kẹta, ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin Fúlàní tí ó ń ta wàrà, obìnrin náà sì fi ìborùn bo ara rẹ̀ láti ọrùn dé ìgbáròkó, tí igbá wàrà dúró lórí rẹ̀ láìsí ẹni tí ó dì í mú. Ẹni tí kò bá mọ ìdí yóò rò pé jáwójáwó ti pọ̀ ní Ọjà-Ọba débi tí ẹnikẹ́ni kò lè yọ ọwọ́ síta mọ́. Mo bi í. Ó wo ilẹ̀, ó ní ọwọ́ ni ó ṣòro yà jù lọ nínú gbogbo ẹ̀yà ara.

Ọyẹ́ sì mú jákèjádò ìtàn náà. Eruku funfun bo ṣọ́ọ̀bù, ó bo mọ́ṣáláṣí, ó bo ọ̀kadà, nítorí ẹni tí ó bá ya ọyẹ́ kò ní láti ya ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ti jókòó tì í wò ó bí ó ti ń ṣe é. Inú ibisPaint, áàpù ìyàwòrán orí fóònù kan, ni ó ti ń yà, èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ó bá lè fara da ìpolówó ọjà láàrin iṣẹ́. Ó fi wákàtí kan ààbọ̀ ya ojú òsì Naruto, ó ń fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí ẹyinjú kan ṣoṣo fi kún ojú fóònù náà, èyí tí ó ti sán láti igun dé igun, tí ó fi jẹ́ pé èmi kò mọ èyí tí í ṣe ìpéǹpéjú àti èyí tí í ṣe ìsán. Mo wá ń retí ojú ọ̀tún. Ó kàn da ojú òsì kọ, ó yí i padà, ó gbé e sí ọ̀tún, ó sì dìde lọ sinmi.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sàn jù ú lọ. Ọmọbìnrin kan ní Ọ̀ffà ti kọ ọjọ́ ìbí, oúnjẹ ààyò àti irú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí yóò wà nínú ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ (ọ̀pọ̀ ará Japan gbà pé irú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ó ń sọ ìwà rẹ̀), ìtàn náà gan-an ni kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ní Òmù-Àrán fi owó tí wọ́n fún un láti sin adìyẹ ra tábúlẹ́ẹ̀tì, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń yan búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀. "Iṣẹ́ ńlá!" ni gbogbo wọn máa ń kọ ránṣẹ́ síra wọn. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó jẹ́ sọ fún tiwa pé etí òsì Naruto ga ju ti ọ̀tún lọ, ọjọ́ méjì ni ọmọ náà kò fi jẹun tó jọjú nínú ilé mi.

Bí mo bá fẹ́ fi ẹnu tẹ́ ẹ, yóò rán mi létí pé ní Tokyo, láti oṣù Kejìlá ọdún 1975, ni irú wọn ti ń pàtẹ ìwé àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe lórí ẹ̀dá inú ìtàn ẹlòmíràn, Comiket ni wọ́n ń pe ọjà náà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ títí dòní. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Mo sọ fún un pé ó kéré tán, yunifásítì ti ṣe ju ojú ìwé mẹ́ta lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi mú un lọ sí Èsìẹ́ lóṣù tó kọjá, sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ère òkúta tí ó lé ní 1,000 ni ó wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ìlú ní àlejò tí ó di òkúta ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ jókòó lórí àpótí, àwọn mìíràn di àdá mú, àwọn tí ọjọ́ kò sì tíì bà jẹ́ nínú wọn ní ọwọ́ lára. Kò sí ẹni tí ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ọmọ náà dúró tì wọ́n títí, ó wo ìka òkúta wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, àwọn tó gbẹ́ ẹ ò ní ìdánwò."

Síbẹ̀, ó jọ pé nǹkan kan wọ̀ ọ́ lára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n jókòó fún òun kí n di ife tíì mú, kí òun lè ya ọwọ́ tòótọ́. Èmi tí mo ní ìwé láti kọ jókòó fún wákàtí méjì gbáko. Tíì tutù, ó yi. Nígbà tí mo fẹ́ họ imú, ó ní kí n jọ̀wọ́ fi ọwọ́ kejì họ ọ́.

Ní aago kan òru ni fóònù mi dún. Mo rò pé àforíjì kejìlá ni. Ojú ìwé kẹrin ni. Ọyẹ́ ti ká, gbogbo ṣọ́ọ̀bù Ọjà-Ọba hàn kedere, Naruto sì na ọwọ́ síta gbangba láti gba wàrà, ọwọ́ mi ni lóòótọ́, pẹ̀lú àpá iná tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti kékeré. Ìka mẹ́fà ni ó ní. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.