Ọmọ ọdún 15 tí kò tíì rí nǹkan oṣù: ẹ má tíì ra oògùn

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè má dùn mọ́ àwọn tó ń ta oògùn nínú, láti Kábbà dé Ìsánlú: ẹ yé ta oògùn amóṣù-wá fún ọmọ tí kò rí nǹkan oṣù rí láyé rẹ̀.

Bí ọmọbìnrin bá pé ọdún 15 tí kò tíì rí i, tàbí tó pé 13 tí ọmú kò tíì yọ rárá, àyẹ̀wò ló kàn. Bí ọmú bá ti yọ láti ọdún 3 tí nǹkan oṣù kò dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Norethisterone tí wọ́n sábà máa ń tà kì í dá ẹ̀jẹ̀ wá. Ohun tí họ́mọ̀nù estrogen bá ti tẹ́ sínú ilé ọmọ ló máa ń wó jáde nígbà tí ọmọ bá lò ó tán. Bí ibi tí ẹyin ti ń wá kò bá ṣiṣẹ́, kò sí estrogen, kí ló fẹ́ wó? Wọ́n á wá bọ́ sórí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ẹ̀jẹ̀ lè dé, ìyá á sì dúpẹ́. Àmọ́ estrogen inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ara tí kò tíì bàlágà. Ó máa ń mú kí egungun tètè parí gíga rẹ̀, ọmú náà kì í sì dàgbà bó ṣe yẹ.

Ọmọ tó kúrú láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń pa lára jù, òun náà ló sì yẹ ká fura sí pé ó ní àrùn Turner. Krómósómù ni okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá ara; irú X 2 ni obìnrin máa ń ní. Nínú àrùn yìí, ọ̀kan péré ló pé. Nǹkan bí ọmọbìnrin 1 nínú 2,000 sí 2,500 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀, kì í sì í sábà jẹ́ àjogúnbá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá ẹ̀sùn sí ìdílé ìyá. Ọrùn lè fẹ̀ láti etí dé èjìká, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè ti wú nígbà tí wọ́n bí i. Àwọn mìíràn ò ní àmì kankan ju kíkúrú lọ.

Ní ọsibítù, àyẹ̀wò oyún ló ṣáájú, bí ìyá tilẹ̀ ń bínú. Ọmọ lè lóyún kó tó rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, skáànù ilé ọmọ, kí wọ́n sì wọn FSH (họ́mọ̀nù tí ọpọlọ fi ń jí ibi tí ẹyin ti ń wá), prolactin (họ́mọ̀nù omi ọmú) àti họ́mọ̀nù tírọ́ìdì, ẹṣẹ́ inú ọrùn. Bí ọmú bá ti yọ dáadáa tí inú ń dùn ún lóṣooṣù, ojú ara lè dí. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni. FSH tó ga fi hàn pé ibi tí ẹyin ti ń wá kò dáhùn, òun ló ń pe àyẹ̀wò krómósómù. Ṣàṣà ni ilé àyẹ̀wò tó ń ṣe é. Inú ìgò tó ní heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí. Wọn ò gbọ́dọ̀ dì í sínú fírísà, torí sẹ́ẹ̀lì ààyè ni wọ́n máa sìn dàgbà. Ẹ má fà á lọ́jọ́ Jímọ̀, kó má baà sùn sọ́nà.

Bí èsì bá mú Y jáde, ìyẹn krómósómù tí ọkùnrin sábà máa ń ní, obìnrin ṣì ni ọmọ yín. Ṣùgbọ́n kí dókítà yẹ ohun tó wà níbi tó yẹ kí ẹyin ti máa wá wò, nítorí jẹjẹrẹ lè ti ibẹ̀ yọ. Nígbà mìíràn yíyọ ló dára jù.

Bí Turner bá ni, kí wọ́n ya àwòrán ọkàn àti kíndìnrín. Estrogen kékeré ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀, láti bí ọdún 11 sí 12 bí wọ́n bá tètè mọ̀; wọ́n á máa fi kún un fún ọdún 2 sí 3, kí progesterone, họ́mọ̀nù irú ti norethisterone, tó tẹ̀ lé e. Bó bá sì di ìyàwó tó fẹ́ lóyún, pẹ̀lú ẹyin ẹlòmíràn pàápàá, kí wọ́n tún ọkàn yẹn wò ná: iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú rẹ̀ jáde lè ya nínú oyún.