Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ

"Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Ibi tí ọ̀pọ̀ wa máa ń pa òwe yìí dé nìyẹn, a ó sì kọjú sí ọmọ tó kọ iṣẹ́, a ó máa bá a wí. Ẹ jẹ́ ká pa á tán: "Iṣẹ́ tí èwe bá bẹ àgbà, kó má ṣe kọ̀ ọ́ mọ́." Àgbà gan-an ni òwe náà ń fà létí.

Níbi tí wọn kò ti gbédè wa ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti yé mi, ní Neasden, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá ti gbé Harlesden tàbí Willesden rí á mọ tẹ́ńpìlì funfun tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ìjọ Swaminarayan kọ́ síbẹ̀. Òkúta rẹ̀ wá láti Bulgaria, mábù rẹ̀ láti Carrara ní Ítálì. Íńdíà ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ, kí àwọn tí ń gbẹ́ òkúta, tí wọ́n lé ní 1,500, fín ọnà sí wọn lára. Ó di ẹyọ 26,300, wọ́n tún dì í sínú ọkọ̀ òkun padà wá sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń tò ó lé ara wọn. Oṣù kẹjọ ọdún 1995 ni wọ́n ṣí i.

Púpọ̀ nínú ìjọ náà jẹ́ ará Gujarat ní Íńdíà tó ti gba Ìlà Oòrùn Áfíríkà kọjá. Ní 1972, Idi Amin, tó ń ṣàkóso Ùgáńdà nígbà náà, fún àwọn ará Éṣíà tó wà níbẹ̀ ní 90 ọjọ́ kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Ilé lọ, ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹni tójú rẹ̀ rí irú èyí ì bá ní kí kálukú máa gbọ́ tara rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ń gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ oṣù wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbi ìkọ́lé náà. Àwọn ọmọdé ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè gbé òkúta Bulgaria, ṣùgbọ́n agolo ohun mímu tó ti ṣófo kò wúwo jù ú lọ. Wọ́n ṣà á jọ, wọ́n tà á fún àwọn tó ń yọ́ ọ, owó rẹ̀ wọ àpò ìkọ́lé. Kèrègbè tí ọwọ́ tiwọn wọ̀ nìyẹn.

Sévà ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àáró àti ọ̀wẹ̀ tiwa. Nínú àáró, bí mo bá ro oko rẹ lónìí, wàá ro tèmi lọ́la. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó bẹ̀ wá lọ́wẹ̀ ní láti bọ́ wa yó, bí iyán kò bá sì kárí, a ó gbọ́ ọ lọ́jà. Àwọn tó ń ṣe sévà kì í ka gbèsè síra wọn lọ́rùn. Ọlọ́run wọn ni wọ́n ń ṣe é fún. N kò sọ pé tiwọn ló dára jù o. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹgbẹ́ tó tú nítorí "ta ló wá síbi òkú bàbá mi?"

Lọ́jọ́ tí mo lọ, níbi tí a ti ń bọ́ bàtà, bàbá kan tórí rẹ̀ ti funfun kúnlẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá ẹrẹ̀ gbígbẹ tó ń já bọ́ lábẹ́ bàtà wa. Kò wojú ẹnikẹ́ni.

Ẹgbẹ́ ìlú tiwa náà ń dáwó dáadáa. Ṣùgbọ́n owó kì í gbálẹ̀. Níbi àríyá ìparí ọdún kan, ó ku ìṣẹ́jú 20 kí wọ́n ti gbọ̀ngàn, léèsì àti gèlè kún ibẹ̀, akọ̀wé àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń kó àga. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, a kó àpò ìdọ̀tí fún àwọn ọmọ wa. Ọmọbìnrin kan dé ọ̀dọ̀ alága, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀." Bàbá gbé tọ̀tún, wọ́n gbé tòsì, ó ṣa ife tó wà níbẹ̀. Kò lọ.

"Bàbá, àga tí ẹ jókòó lé ńkọ́?"

Bàbá wò ó títí. Wọ́n dìde, wọ́n ká agbádá lé èjìká, wọ́n gbé àga.