Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀yin ọ̀gá wa

Sátidé kan báyìí, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, a ti wà níwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lápá Ọjà'ba n'Ìbàdàn, gbogbo wa nínú ẹ̀wù funfun tí wọ́n tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ wa sí. Ìwé la fẹ́ pín fáwọn ọmọ. Ohun tó dáa ni, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ìparí oṣù ni, ẹni tó bá sì ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó mọ bó ṣe máa ń rí: láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdé, kò sẹ́ni tó kúrò ní Dùgbẹ̀ kí aago mẹ́jọ alẹ́ tó lù.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tí a ń pè ní Ìyá Ìbejì ló dúró tì mí. Ọmọbìnrin kékeré kan kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ìyá Ìbejì ń wo ọmọ náà, kò sì rí i. Ọmọ tún kí i, kò gbọ́. Èmi ni mo rọra gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo fún ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n ní ká ya fọ́tò, Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín. Fọ́tò yẹn ló lọ sórí Facebook.

Nínú Micra tá a jọ wọ̀ padà, ó ní, "Àbúrò mi, mo sùn, mo jí, ó ṣì ń rẹ̀ mí."

Ẹni méjì ló jápa ní ẹ̀ka wa láàárín ọdún kan, wọn ò gba ẹnikẹ́ni dípò wọn. Iṣẹ́ orí tábìlì mẹ́ta wá di ti Ìyá Ìbejì nìkan. Obìnrin tó máa ń forin wọlé láàárọ̀ dẹni tó ń ka rìsíìtì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní kó máa mu omi, kó máa tètè sùn. Ìyẹn ò burú, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kó rẹ èèyàn yàtọ̀ sí kí agara dá a. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ọ́ ní 2019 pé wàhálà ibi iṣẹ́ tí wọn ò bójú tó dáadáa ló ń fa irú agara bẹ́ẹ̀: okun á tán, iṣẹ́ á sú ni, ọwọ́ ò ní ká a mọ́. Ní 2021, àwọn àti ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, tún ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ sún mọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ, ní ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́, ọjọ́ márùn-ún: wákàtí 60 nìyẹn. Mi ò tíì ka gosíló Òjòó mọ́ ọn.

Mi ò ní kí ilé iṣẹ́ má ṣàánú o. Lọ́jọ́ Wẹsidé kan, wọ́n ti ọ́fíìsì lọ́sàn-án, wọ́n ní kẹ́ni tó bá wù ú wá ká lọ kó ìdọ̀tí nínú gọ́tà lápá Ògùnpa. Bàbá àgbàlagbà kan jáde sí wa, ó ń fọ̀pá tọ́ka ibi tí omi dé lára ògiri nígbà tí Ògùnpa ya lọ́dún 1980. Ẹrẹ̀ dé orúnkún wa, síbẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín la fi délé. Wọn ò fipá mú wa, wọn ò sì gba ọjọ́ ìsinmi wa.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn: ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ àánú wà nínú àkókò iṣẹ́, ẹ gbèèyàn dípò ẹni tó bá lọ, kí líìfù sì jẹ́ líìfù. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó lẹ́yìn oṣù 12. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbà á lórí ìwé, tí fóònù ò sì jẹ́ ká sinmi.

Ìyá Ìbejì wà ní líìfù báyìí, àkọ́kọ́ láti ọdún méjì. Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì wa tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ rẹ̀ wà.