Ẹ Dá Ọjọ́ fún Iná Pápá, Kí Koríko Èrúwà Má Baà Tán

Tí oṣù Ẹrẹ́nà bá dé, tí màjàlà ń já bọ́ sórí aṣọ tí a sá, gbogbo ará Òkè-Ògùn ti mọ̀ pé pápá ń jó. Ó ti mọ́ wa lára débi pé ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ta ló ṣáná sí i. Àwa ń bèèrè.

Èrúwà wà lára ohun tó ń jó níbẹ̀. Koríko yìí lè ga ju ènìyàn méjì lọ, gbòǹgbò rẹ̀ kì í sì í kú lọ́dọọdún. Òun ni àwọn bàbá wa fi ń bo ilé àti ahéré, òun ni màlúù àti ẹran ìgbẹ́ ń jẹ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rú. Ilẹ̀ tí a pa tì tí èrúwà ti padà gbà, àgbà àgbẹ̀ á wò ó, á ní ó ti sinmi. Lóde òní a kì í jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi mọ́, màlúù ń jẹ èrúwà mọ́lẹ̀, iná sì ń bá ìyókù.

A ò sọ pé kí iná má jó rárá. Ọjọ́ pẹ́ tí ilẹ̀ ọ̀dàn àti iná ti jọ ń gbé. Ìgbà tí a ń dá a ni ẹjọ́ wà. Iná oṣù Bélú, nígbà tí omi ṣì wà lára koríko, wẹ́rẹ́ ló ń kọjá. Ti Èrèlé sí Ẹrẹ́nà ń jó igi ẹmì àti igi igbá, ó ń jó ọ̀mùnú èrúwà, ilẹ̀ á wá ṣí sílẹ̀ gbayawu de òjò àkọ́rọ̀. Odò Ògùn ni iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ń wọ́ lọ.

Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, nígbà ọdún Bẹẹrẹ, àwọn ìlú a máa ru ìdì koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin. Wọ́n ní láti gé e kí iná tó dé ibẹ̀. Ẹni tó mọ iyì koríko kò ní í dáná bó ṣe wù ú.

Wọ́n gbé èrúwà lọ sí Ọsirélíà ní àwọn ọdún 1930 láti fi bọ́ màlúù. Ó tàn kálẹ̀ níbẹ̀, iná rẹ̀ gbóná ju ti koríko ìbílẹ̀ wọn lọ fíìfíì, wọ́n sì ń gbógun tì í títí di òní. Ẹlòmíràn lè torí èyí ní kí tiwa náà run. Rárá o! Ibí ni ilé rẹ̀. Igi wa mọ̀ ọ́n, ẹranko wa mọ̀ ọ́n.

Ohun tí a fẹ́ kò le. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Kwara pe àwọn baálẹ̀, àgbẹ̀, ọdẹ àti darandaran jókòó, kí wọ́n dá ọjọ́ iná ní Bélú sí ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀pẹ̀. Ẹni tó bá dáná lẹ́yìn náà, ìbáà ṣe ọdẹ tó ń lé ọ̀yà, kó san owó ìtanràn. Kí wọ́n sì fi òṣìṣẹ́ kún àwọn tó ń ṣọ́ Old Oyo National Park, nítorí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó kò ṣeé ṣọ́ pẹ̀lú ọwọ́ díẹ̀. Bélú tó ń bọ̀ yìí ni kó bẹ̀rẹ̀.