Òjò Rọ̀, Owó Lọ

Ta ló sọ pé ọ̀fẹ́ ni omi òjò? Kí onítọ̀hún wá bá mi san owó àtúnṣe pọ́ǹpù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí. ₦28,000! Pọ́ǹpù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe kí ọdún Iléyá tó dé náà ni o.

Ṣé ẹ gbọ́ òjò alẹ́ àná? Gbogbo Ìbàdàn ló gbọ́ ọ. Ojú ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú ni àwọn oníná ti mú iná wọn lọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà wìì láti orí páànù, táǹkì ilẹ̀ kún, ó ń ṣàn dànù sójú títì, àwa sì wà nínú ilé, ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná ń mí hẹ̀ẹ̀, kò sí ẹ̀kán omi kan. Táǹkì òkè ti gbẹ. Omi tó ti orí òrùlé wá, a jẹ́ kó balẹ̀, a wá ń sanwó kó tó padà sórí òrùlé! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ro irú èyí fún wa?

Bàbá àwọn ọmọ mi ní ká tan jẹnẹrétọ̀. Bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 lítà kan kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ lọ́dún 2023, èló la ń rà á báyìí? Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ mi á ru. A tan án. Pọ́ǹpù ń hó gììì, omi ò gòkè, àfi ìgbà tí òórùn wáyà jíjó gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Púlọ́ḿbà dé láàárọ̀, ó tú u, ó mi orí bíi dókítà tó fẹ́ túfọ̀. "Mọ́mì, ewé àti yanrìn ló dí foot valve, ẹnu páìpù tó ń fa omi nínú táǹkì ilẹ̀. Kò rí omi fà, ló ṣe jó." Ewé ibo? Ewé máńgòrò aládùúgbò mi tó na ẹ̀ka kọjá ògiri sórí páànù mi ni! Èso rẹ̀, ọmọ mi ò gbọdọ̀ ṣa á. Ewé rẹ̀, èmi ni mo ni ín. Ẹyẹlé rẹ̀ náà, orí òrùlé mi ni ṣáláńgá wọn, èmi ni mò ń ra álọ́ọ̀mù àti kúlórìn nítorí wọn.

Mo wá bi púlọ́ḿbà: páànù bọisi-kọ́tà tó ga tó yẹn, tí a bá to búlọ́ọ̀kù, tí a gbé táǹkì kan sí i lábẹ́ ibi tí gọ́tà ti ń dà, ṣé omi ò ní máa ṣàn fúnra rẹ̀ wọ ilé ìdáná, láìsí pọ́ǹpù, láìsí epo? Ó fọwọ́ họ orí. "Ó máa ṣàn o, Mọ́mì." Kí ló wá dé tí o ò sọ ọ́ látìgbà tí o ti ń gbowó nílé yìí? "Ẹ ò bi mí."

Ẹ ò bi mí! Néẹ̀tì tí à bá fi bo ẹnu páìpù kí ewé má baà wọlé ńkọ́? Mi ò bi í. Páìpù kékeré tí à bá fi ya omi àkọ́rọ̀ dànù, kí eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹlé má baà wọ táǹkì? Ìyẹn náà, mi ò bi í. Owó iṣẹ́ nìkan ni kò dúró kí n bi òun kó tó sọ.

Bẹ́ẹ̀ pọ́ǹpù tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin kan (1 hp) yìí, tó bá fi iná fa omi fún ìdajì wákàtí, bíi ₦100 náà ni, kódà pẹ̀lú ₦225 tí wọ́n sọ ẹyọ iná Band A, ti àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, dà lọ́dún 2024. Ṣùgbọ́n iná ọ̀hún dà?

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí òjò àti àwọn oníná jókòó ṣèpàdé, kí wọ́n lè jọ máa wá lọ́jọ́ kan náà. Tí ìyẹn bá le jù, kí òjò máa rọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè, kó bọ́ sínú táǹkì òkè tààrà. Kí onímáńgòrò sì wá kó ewé rẹ̀ kí n tó ra àáké.